Páìpù Orí Òrùlé

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa fi ń hanrun bí arúgbó,
gulu-gulu, omi ò sì lọ.
Mo ti bá Sàfúrátù jà, ayálégbé ẹ̀yìnkùlé,
pé òróró àkàrà rẹ̀ ló dí wa lọ́nà.
Ó ní, "Ìyá Múníátù, Ọlọ́run ń wò wá."

Làtífù, pulọ́ńbà Wàndó, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀.
Ó gbójú sókè, ó béèrè àkàbà.
"Omi tí kò rí èémí fà,
ibo ni ẹ fẹ́ kó gbà lọ?"

Ọ̀sán gangan, páànù ń jó o lẹ́sẹ̀.
Ó ki wáyà bọ ẹnu páìpù,
ó fà, ó fà,
ìtẹ́ ológoṣẹ́ jáde:
koríko, ìyẹ́, okùn àwọ̀n láti etí ọ̀sà,
àti fọ́nrán irun dúdú
tí mo gbá dànù lọ́jọ́ tí mo dirí fún Múníátù,
ọjọ́ tó re Kùtọnu.

Nísàlẹ̀, ilé mí kanlẹ̀.
Gbùùù.

Mo ká irun náà sí etí ìró.
Lálẹ́ mo lọ bẹ Sàfúrátù;
ó ń dín àkàrà, kò wojú mi.
Ó di mẹ́ta sínú ìwé fún mi,
ó sì gbowó rẹ̀ pé.