Búlúù Tí Kò Yọ́ Nínú Omi

Ṣalángá ni bàbá mi ń gbẹ́, kì í ṣe ọlà,
lẹ́yìn ilé ìwé ní Òkè-Onígbìn,
lọ́dún tí ọyẹ́ la gbogbo ètè wa.
Ó ti wa ilẹ̀ dé ọrùn
kí dígà tó kan ohun kan tó dún kín-ín,
bí ẹni tí kò fẹ́ kí a jí òun.

Ó rò pé èéfọ́ ìgò ni, ó jù ú sókè fún mi.
Mo fi itọ́ nù ún.
Ó dúdú bí omi aró tó sùn mọ́jú,
àfìgbà tí mo gbé e kojú oòrùn.
Háà!

Moríyíkẹ́ ìyá mi ní, "Búlúù ìfọṣọ ni."
Ó rẹ jálàbíà Jímọ̀ bàbá mi sínú ọpọ́n,
ó ju òkúta sí i, ó rò ó, ó rò ó.
Omi kò dáhùn.
Jálàbíà jáde bó ṣe wọlé.

Ọ̀bẹ ha á, ọ̀bẹ ló fi ara sílẹ̀.
A fi òun náà ha gíláàsì fèrèsé:
ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹ wá wò ó,
bàbá ní ológbò ló ṣe é.

A wọ mọ́tò lọ Ìlọrin,
sọ́dọ̀ Bàbá Ṣúáíbù ní Òkè-Àpómù,
ẹni tí lántànà ti jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ tán
nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ pupa ṣì lọ́jà.
Kò dá iye lé e. Ó ní kí n yí i.
Mo yí i: aró.
Mo tún yí i: omidùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má láwọ̀.
Mo dá a padà: aró.
"Ojú méjì ni Ọlọ́run fún un.
Èyí tó ṣàn ni oníbàárà yóò mú wò.
Ẹ má bá a jà. Ẹ yí i."

Oníbàárà dé, kò bọ́ bàtà lórí ẹní wa,
ó gbé òkúta sókè: "Omi lásán nìyí o."
Bàbá mi, tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀,
na ìka kan,
ó yí i.

Owó náà kan páànù sórí ilé, ó sì tán.
Gbogbo ìlú wá gbẹ́ ṣalángá náà di ọ̀gbun,
àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì ń lọ sínú igbó.
Èérún kan ló kù sí mi lọ́wọ́,
kò tó hóró ọkà bàbà méjì.
Bàbá Ṣúáíbù ní ojú méjì.
Mo ti rí ẹ̀kẹta, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ kan:
elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́.
N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.