Gbèsè Mẹ́rin

Aago kan ààbọ̀. Oòrùn Abẹ́òkúta
ń yan wá lábẹ́ páànù bí àgbàdo.
Orí mẹ́rin ti sùn sórí tábìlì.
Tíṣà Ṣómúyìwá pa ìwé dé:
"Ẹ dìde. Ẹ bọ́ síta."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí àpáta ẹ̀yìn kíláàsì,
òdo láàárín.
"Abíọ́nà, dúró lórí mẹ́ta. Yọ méje."

Ó ń fẹ̀yìn rìn, à ń kà,
ó kọjá òdo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ aláǹgbá.
"Níbo lo dé?"
"Ìsàlẹ̀ òdo, sà. Mo jẹ gbèsè mẹ́rin."

Ọdún kan gbáko lójú pátákó, kò yé e;
ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Títí dòní, bí mo bá ń ṣírò owó tó kù,
gìgísẹ̀ mi a máa wá ẹ̀yìn nínú bàtà.