Ọ̀rọ̀ Adènà Níbi Ọgọ́rin Ọdún Aili Rautio

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí,
èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ilé Aṣòfin Minisótà,
tí iṣẹ́ mi kò ju kí n ṣílẹ̀kùn, kí n pa á dé.
Adènà kì í dá sọ́rọ̀ ìgbìmọ̀:
ojú rẹ̀ a rí, etí rẹ̀ a gbọ́, ẹnu rẹ̀ a pa mọ́.
Ṣùgbọ́n a ò sí ní Sẹ́nt Pọ́ọ̀lù lónìí.
Yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì la wà, ní Salmela,
yìnyín ń bọ́ lóde bí ẹni ń gbọn àpò ìyẹ̀fun,
bàtà wa ń ṣomi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
kọfí ń hó. Àbẹ́là ọgọ́rin kò gba orí kéèkì,
wọ́n tan mẹ́jọ, wọ́n ní ká fi ọ̀kan ka mẹ́wàá.

Aili, ọmọ awakùsà,
ọmọ Eino tí ikọ́ rẹ̀ ń jí àdúgbò kí fèrè kùsà tó dún.
Eruku pupa ló bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀;
ilé-iṣẹ́ ní sìgá ni.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ́, o gbọ́, o ò fèsì.
O gbé èsì náà sínú bí ẹni gbé oyún,
ó lé lógún ọdún kí o tó bí i sórí tábìlì àwọn aṣòfin.

Àbádòfin eruku.
Lọ́dún kìíní, wọ́n rẹ́rìn-ín.
Lọ́dún kejì, wọn ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́.
Lọ́dún karùn-ún, wọ́n tì í sábẹ́ ìwé mìíràn, wọ́n lọ jẹun.
Lẹ́yìn ìkẹjọ mo bá ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
o ń da kọfí tó ti tutù látinú fúláásì,
o ní, “Bàbá mi ní ẹnìkan kì í lu òkúta irin lẹ́ẹ̀kan.”
Lọ́dún kejìlá, iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lára pátákó,
ọ̀kan, òmíràn,
títí ó fi pé méjìdínláàádọ́rin.
O ò pàtẹ́wọ́.
O jókòó, o bọ́ bàtà, o ń wo ẹsẹ̀ rẹ
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun rìn.

N kò wá fi oyin pa ọ́ lára. Ìwọ gan-an yóò bínú.
Ìwọ náà lo dìbò kí wọ́n ti ilé ìwòsàn Salmela pa
nítorí owó tí wọ́n ṣèlérí fún títì.
Títì dé lóòótọ́, ó dán, ó tẹ́jú,
orí rẹ̀ la sì ń gbé aláboyún gbà, àádọ́ta máìlì.
Ìyàwó Verner bímọ sínú ọkọ̀ kó tó dé ìdajì.
O lọ bá a nílé. O ò mú àlàyé dání;
bùláńkẹ́ẹ̀tì tí o fọwọ́ hun lo mú lọ,
o sì sọ pé, “Mo ṣì í.”
Ọmọ náà nìyẹn, tó ń gé kéèkì.

Gómìnà fi lẹ́tà ránṣẹ́, òǹtẹ̀ wúrà wà lára rẹ̀,
wọ́n ṣi orúkọ rẹ kọ.
O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ,
o ní kí wọ́n gbé e kọ́ sínú ilé ìwẹ̀ olóoru,
kí ooru bá wọn ṣàtúnṣe rẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ tí kò mọ orúkọ mi.
Ìwọ ò wọlé rí láìbi mí
bóyá orúnkún ìyàwó mi ti ń gbà á láti gun àtẹ̀gùn.
Ó ti kú báyìí, o mọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ pè.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Ẹ jẹ́ n lọ dúró sídìí iṣẹ́ mi,
torí mo rí Aili tó ń wá ṣọ́bìrì kiri:
ó fẹ́ lọ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà
kó má bàa gbé àwọn arúgbó ṣubú,
àwọn arúgbó tí òun fi ọdún mẹ́fà jù lọ.