Yàrá Ẹ̀yìn

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń sọ pé "lọ́la."
Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò ṣí tán mọ́,
ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọlé bí akàn.
Àpò sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta wà níbẹ̀,
fáànù alápá méjì,
agolo mílíìkì mọ́kànlélógójì (mo kà wọ́n),
àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti dógùn-ún.

Ìyá Adébùsúyì yọjú lójú fèrèsé:
"Tísà, ulé rèé àbí àká?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú.

Bọ́sẹ̀dé pè láti Adó.
"Màámi, à ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ọmọ.
Níbo la ó sùn?"
Mo wo yàrá. Yàrá wò mí.

Ní Ọjọ́rú, kí ìkùukùu tó ká kúrò lórí òkè Ẹ̀fọ̀n,
mo so gèlè mọ́ imú, mo wọlé tọ̀ wọ́n.

Ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn.
Ìwé ìròyìn tí ikán ti kà tán: síta.
Bàtà ẹsẹ̀ kan: síta.
Ìdérí tí kò ní ìkòkò…
bí ìkòkò rẹ̀ bá dé lọ́la ńkọ́?
Ẹ ò rí i bí àrùn náà ṣe ń sọ̀rọ̀!
Ohùn ìyá mi ló máa ń yá lò:
"Má jù ú nù, ó ń bọ̀ wá wúlò."
Ìyá mi tí ọ̀wọ́n gógó bá lọ́dọ̀ọ́,
tó ń fọ ọ̀rá, tó ń sá a sórí okùn bí ẹni sá aṣọ.
Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀
tí ọ̀rá yóò pọ̀ ju ewé lọ.

Mo ju ìdérí nù. Mo lọ gbé e padà.
Mo tún jù ú nù.
Adébùsúyì jókòó sórí odi, ó ń bá mi kà á:
"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Màmá."

Ìgbà náà ni mo kan páálí Fágbohùn.
Rẹ́jísítà ni, ti gbogbo kíláàsì tó kọ́ rí,
yíǹkì pupa fún ẹni tó wá,
òdo fún ẹni tí kò wá.
Àwọn kan níbẹ̀ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n,
àwọn kan ti di erùpẹ̀.
Ọkọ mi fúnra rẹ̀,
ta ni yóò kọ òdo síwájú orúkọ tirẹ̀?
Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì
títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Ẹrù ni mo ń pè é. Ẹ̀rù ni.
Ẹ̀rù pé bí mo bá gbé e síta
n kò ní mọ ibi tí n ó ti máa wá a mọ́,
bí ẹni pé inú páálí ló ń gbé,
bí ẹni pé kì í ṣe òun ló máa ń sọ pé
"Ìyàwó, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà ríbi jókòó."

Mo yọ ẹyọ kan, ti ọdún ìgbéyàwó wa.
Mo gbé ìyókù fún Ìyá Adébùsúyì,
ó ní òun yóò fi wé ẹ̀pà.
Ẹni tó ń ra irin àlòkù kó agolo àti ẹ̀rọ,
owó tó san kò tó ra iṣu kan.
N kò bá a jà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi,
ẹ̀pà lẹ́nu, ìwé lọ́wọ́,
ó ń kà á sókè:
"Bàbá mi rèé! Wá. Wá. Wá. Kò wá."
Ó sáré lọ sílé láti lọ bi í léèrè
ibi tó wà lọ́jọ́ náà.

Bọ́sẹ̀dé dé. Ọmọ rá kọjá láàrin yàrá
láìfi orí gbá nǹkan kan.

Ìdérí yẹn?
Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Ẹ má sọ fún Adébùsúyì.