Orí Fífọ́

Ọjọ́rú ni. Òjò ti fọ́n wọ ìloro ilé ìwòsàn wa ní Dágbólú,
bẹ́ǹṣì sì tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.
Èmi ni mò ń kọ káàdì.
N kì í ṣe nọ́ọ̀sì; bírò ni mo mú dání, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ó wọlé pẹ̀lú bàtà tí ẹrẹ̀ abà ṣì lẹ̀ mọ́,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
gèlè ìyá rẹ̀ ló wé kó lè dàgbà díẹ̀ sí i.
"Orúkọ?" "Bàṣírátù." "Láti ibo?" "Abà Aláràn-án, lẹ́yìn odò."
"Kí ló ń ṣe ọ́?"
Ó wo ilẹ̀. Ó wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀.
Ọ̀kan nínú wọn ń bá ìyá rẹ̀ kírun.
"Orí ń fọ́ mi, mà."

Orí fífọ́!
Ọmọ wo ní í gun ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì,
tí í fẹsẹ̀ la odò kọjá nítorí orí fífọ́,
nígbà tí Panadó wà lórí igbá ní abà?

Mo mọ orí fífọ́ yẹn.
Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fọn fèrè kọjá sí Ọ̀ffà,
èmi náà jókòó síbí,
mo ní inú ló ń run mí.
Nọ́ọ̀sì ìgbà náà gbóhùn sókè, gbogbo ilé gbọ́:
"Ọkọ rẹ ńkọ́? Lọ mú ọkọ rẹ wá!"
Mo dìde. Ẹ̀rín wọn sìn mí dé títì.
Àkọ́bí mi pé ọdún mẹ́tàlélógún lóṣù tó kọjá.
Mo fẹ́ràn rẹ̀; ẹ má ṣì mí gbọ́.
Ṣùgbọ́n ìwé tí mo pa dé lọ́dún náà,
ikán ti jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n ní bí a bá sọ ọ́ fún wọn, wọn yóò bàjẹ́.
Ta ló kọ́ omi kó tó mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀?
Ìlú tó ń tọrọ ọmọ létí odò lọ́dọọdún,
ṣé kò mọ̀ pé a lè bẹ ọmọ kó dúró díẹ̀ ni?

Mo kọ "orí fífọ́" sí káàdì. Bírò mi ò gbọ̀n.
Mo ní, "Irú orí yìí, yàrá ẹ̀yìn la ti ń wò ó."
Nọ́ọ̀sì Adépèlé ti ilẹ̀kùn.
Oògùn oníhóró wà lórí tábìlì,
ọ̀pá tín-ín-rín tó ń gbé abẹ́ awọ apá fún ọdún mẹ́ta,
àti rọ́bà, tó ń lé àrùn náà sẹ́yìn.
Ó ń ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní aró rírẹ:
èyí lè da nǹkan oṣù rẹ rú; ìyẹn, má gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.
Yan èyí tó bá ọ lára mu. Ìwọ lo ni ara.

Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ṣé màá ṣì bímọ, tí mo bá fẹ́?"
"Bí o bá dá a dúró, tí ara rẹ bá gbà á, o lè bí i."
"Ṣé ẹ ò ní sọ fún ìyá mi?"
Mo na káàdì sí i. Kà á.
Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó padà kí odò tó kún.
Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí.
Mélòó ló kù lẹ́yìn odò
tí kò lówó ọ̀kadà, tí kò rí gèlè ìyá jí wé?

Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọ̀kadà Jímọ̀ lèmi àti Adépèlé yóò gùn,
àpótí láàárín wa,
a ó lọ jókòó lábẹ́ igi ìyeyè ní abà.
Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè wa,
ẹ ní orí fífọ́ là ń tọ́jú.