Lẹ́tà Aláró

Àádọ́jọ náírà ni wọ́n ń ta òru kan nígbà náà
ní Òkè-Fìà, lókè ṣọ́ọ̀bù onífótò,
níbi tí kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ti ń mí bí àgbà tí ikọ́ ń ṣe.
Mẹ́ta nínú wọn kì í jí àfi bí a bá gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì,
èmi náà ni mò ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

Sìkírátù ọmọ aláró a máa wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Ọmọ́mọ ìyá àgbà tó ń po aró ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni,
ìka rẹ̀ kì í mọ́,
débi pé lẹ́tà A àti lẹ́tà E kọ̀ǹpútà kẹta ti gba aró.
Àwọn ọmọkùnrin ń kọ̀wé sí òyìnbó tí wọn kò rí rí.
Òun ń kọ́ ilé.

Ilé láìra ilẹ̀, láìwá bíríkìlà,
lórí ọ̀fẹ́ tí ẹnìkan ní Amẹ́ríkà yọ̀ǹda fún gbogbo ayé
bí ẹní fi ẹ̀bá ọgbà sílẹ̀ pé kí aládùúgbò gbin ilá.
Ògiri rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè,
iná kan ń ṣẹ́jú lókè láìnídìí,
ẹ̀rọ tó ń ka àlejò wà nísàlẹ̀:
òdo, òdo, òdo, ẹyọ kan.
“Èmi ni ẹyọ kan yẹn,” ó ní, ó bú sẹ́rìn-ín.

Orin Bàbá Múkádáàmù ló kó síbẹ̀,
alápàlà ìgbà tí rélùwéè ṣì ń dé lásìkò,
tó wá ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba.
Ohùn rẹ̀ wà nínú gbogbo mọ́tò tó ń lọ Ìkìrun,
owó rẹ̀ kò wọ mọ́tò kankan bọ̀.
Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, àdéhùn kan ṣoṣo,
tí ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.
Sìkírátù fa ìlà mẹ́rin: orúkọ orin, ọdún, iye tí wọ́n tà,
iye tó kan ẹni tó kọ ọ́.
Nínú ìlà kẹrin, òdo ni láti òkè délẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà
olórin mẹ́sàn-án jókòó ní ibùdó rélùwéè, wọ́n panu mọ́.
Kásẹ́ẹ̀tì tí a rì sínú ìkòkò aró wà lọ́rùn olúkúlùkù,
okùn inú rẹ̀ tú jáde bí ìfun adìyẹ.
Olówò kan bi wọ́n pé òkú ta ni.
Lóru, Sìkírátù rẹ ilé rẹ̀ láró:
kò sí orin, kò sí lẹ́tà, búlúù nìkan.
Ọmọkùnrin kan ní Ìlá, tí ilé tirẹ̀ jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, rẹ tirẹ̀;
ẹnìkan ní Kánádà, tó fẹ́ràn rélùwéè, rẹ tirẹ̀ náà.
Ẹ̀rọ ka igba ó lé mẹ́rìnlá.
Epo tán láago mẹ́rin.

Ṣé a ṣẹ́gun? Mi ò mọ̀.
Ọ̀gá rẹ́kọ́ọ̀dù rán ọmọ wá pẹ̀lú àpòòwé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà.
Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ra táyà tuntun, ó ránṣẹ́:
“Ẹ sọ fún Síkírá kó pa òdo kan rẹ́,
kó kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta síbẹ̀.
A ò ní purọ́ mọ́ wọn.”

Nígbà tó yá, onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọ̀fẹ́ ti tán,
ó wó gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ kan.
Dísíkẹ́ẹ̀tì tí Síkírá fún mi wà nínú agolo mílíìkì,
kò sí ẹnu tó lè jẹ ẹ́ mọ́ ní gbogbo Òṣogbo.
Alókù irin ló ra àwọn kọ̀ǹpútà wa, ó wọ̀n wọ́n ní kílò.
Kó tó gbé ìkẹta, mo fi ṣíbí yọ lẹ́tà A.
Mo fi itọ́ nù ún wò lánàá.
Kò ṣí.