Ọ̀dà àti Ọ̀dá

Yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Kúbwà,
ibi tó yẹ kí á kó àlùbọ́sà àti garawa sí,
ibẹ̀ ni mo gbé pátákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi kalẹ̀ sí.
Fèrèsé kan ló ní.
Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ wọlé láago méje,
á jókòó díẹ̀ bí àlejò tó ti jẹun wá,
tó bá di aago mọ́kànlá, á dìde.
Wákàtí mẹ́rin yẹn ni oko mi.

Ọ̀dà ń bẹ nínú agolo mílíìkì,
ọ̀dá ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò.
Àwo tí etí rẹ̀ ti fọ́ ni mo fi ń po àwọ̀;
ìyàwó mi ti búra, ẹ̀wà kò ní wọnú àwo náà mọ́ láéláé.

Lóṣù Ọ̀pẹ, ọyẹ́ dé.
Eruku tó gbéra láti aṣálẹ̀,
tó ré Kánò kọjá, tó ré Kàdúná kọjá,
kò ríbi sùn sí àfi ojú ọ̀run tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn,
tó ṣì tutù.
Mo fi abẹ ha á, ó tún padà bà lé e.
Mo fi aṣọ bò ó, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn.
Lọ́jọ́ kẹta mo fi í sílẹ̀.
Ojú ọ̀run Àbújá lóṣù Ọ̀pẹ, ta ló sọ pé ó mọ́?

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá ìyàwó mi dé láti Ọ̀fà.
Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ojú fún un ní Gwagwaládà.
A sún pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.
Awọ ló dí i lójú,
àwọ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́.
"Kí lò ń sè?" Tọpẹntáìnì ti gba imú rẹ̀.
"Àwòrán ni, Màámi."
"Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Pupa ló ń yọ mí lẹ́nu.
Alájì Gambo ti Gwàrínpà ní kí n ya àpáta Zúmà fún òun,
ṣùgbọ́n kí àpáta náà bá àga tìmùtìmù òun mu.
Ó fi fọ́tò àga náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi.
Mo po ọ̀kan, mo po méje.
"Báwo ló ṣe rí?" Ìyá ń bi mí láti orí ẹní.
"Ó pupa."
"Pupa báwo?"
"Ó kàn pupa ni, Màámi."
Ó pòṣé. "Ta ló jí èdè yín gbé?
Ṣé pupa fòò ti ata ni?
Àbí rúsúrúsú, ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ pa?
Àbí pupa bẹ́lẹ́jẹ́ ti ìkókó?"
Mo di búrọ́ọ̀ṣì mú, mo dákẹ́.
Ẹni tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀
ń ka àwọ̀ fún mi bí ẹni ń ka owó.

Rúsúrúsú ni mo kùn ún.
Alájì wò ó, ó wo àga rẹ̀.
Ó ní ó dà bí ẹni pé ó rẹ àpáta yìí.
Kò san kọ́bọ̀.
Láti ojú títì, Lawáàlì mẹ́rúwà bá mi tì í délé
láàárín kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá.
Ó fi ìka kan eruku tó lẹ̀ mọ́ sánmọ̀ inú àwòrán.
"Zúmà nìyí," ó fi Haúsá sọ ọ́.
"Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sílé ní Súlèjà."
Ó gba owó rẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ lọ.

Wọ́n tú báńdéèjì lójú Ìyá lọ́jọ́ Ẹtì.
Èmi ló kọ́kọ́ wò.
"Ọ̀dà wà nírùngbọ̀n rẹ."
Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri, tó wo àpáta náà pẹ́,
tó sún mọ́ ọn, tó tún sún sẹ́yìn.
"Èyí kì í ṣe rúsúrúsú o."

Aago mẹ́wàá ò tíì lù.
Ìmọ́lẹ̀ ṣì jókòó.
Mo ṣí agolo.